Fèrèsé ni subList, kì í ṣe fọ́tò

Ẹ̀kọ́ tòní, ìtìjú ni mo fi kọ́ ọ, ní Dallas níbí.

Àwa mẹ́wàá la jọ ń dá èsúsú. Oníkálùkù ń dá $200 lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn á kó $2,000. Èmi ni mo fi Java kọ prógíráàmù kékeré tó ń ṣírò owó náà. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ẹ̀gbọ́n tó kàn pè mí: "Àbúrò mi, $1,400 ni ẹ̀rọ rẹ kọ síwájú orúkọ mi. $600 tó kù ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ṣí kóòdù mi, ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

List<String> tiKo = esusu.subList(0, 3);
System.out.println(tiKo);
tiKo.clear();
int owo = esusu.size() * 200;

Java máa ń ka ipò láti òdo, kì í sì í ka nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn mọ́ ọn. Nítorí náà, (0, 3) ni ipò 0, 1 àti 2, ìyẹn àwọn mẹ́ta tó ti kó owó. Mo rò pé mo ti da orúkọ wọn kọ sínú ìwé mìíràn, pé ìwé yẹn ni mo ń pa rẹ́. Àṣé kò sí ìwé mìíràn! subList kì í da nǹkan kọ. Fèrèsé ló ń ṣí sára àkójọ àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ bá gba ojú fèrèsé mú jáde, inú yàrá gan-an lẹ ti mú un. Ó wá ku ènìyàn 7. Èyí tó burú jù: àwọn tó ti kó owó tán ni orúkọ wọn pòórá, àwọn gan-an tó yẹ ká máa rán létí pé kí wọ́n dá tiwọn!

Ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn:

1. Tí ẹ bá fi set pààrọ̀ orúkọ nínú subList, ó ti yí padà nínú àkójọ àkọ́kọ́. Bó ṣe rí náà nìyẹn tó bá jẹ́ àkójọ àkọ́kọ́ lẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.

2. Tí ẹ bá fi add tàbí remove sórí subList, àkójọ àkọ́kọ́ á gùn sí i tàbí kó kúrú.

3. Tí ẹ bá fi add tàbí remove sórí ArrayList àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, subList tí ẹ ti mú tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ tún lò ó, Java á ju ConcurrentModificationException lù yín.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é báyìí? Láti Java 1.2, lọ́dún 1998, ló ti wà bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ mílíọ̀nù kan bá wà nínú àkójọ, fèrèsé kò ná yín ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àdàkọ á jẹ àyè. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ yọ apá kan kúrò lóòótọ́, subList(0, 3).clear() ni ọ̀nà tó yá jù.

Tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fẹ́, ẹ yà á fúnra yín:

List<String> tiKo = new ArrayList<>(esusu.subList(0, 3));

Láti Java 10, List.copyOf náà wà, àmọ́ kò ṣeé yí padà.

Mo tún ìlà kan yẹn ṣe. Ẹ̀gbọ́n kó $2,000 wọn pé.