Kí ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí

Ó ti pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ ọ́ pé àwọn fẹ́ kó ọjà Computer Village tó wà n'Ìkẹjà lọ sí Katangowa, lágbègbè Agége. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tún ti jáde, ara àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kì í lélẹ̀. Kì í ṣe owó ṣọ́ọ̀bù tuntun nìkan ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Oníbàárà tó ti mọ̀nà ìsọ̀ yín ní Otigba láti ọdún mẹ́wàá, ṣé yóò wá yín dé Katangowa?

Ìdí nìyí tá a fi fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọba Akran, ní Ògbà, títí dé Pen Cinema, lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìjọba wó ọjà, bí onílé fowó kún owó ilé, àdírẹ́sì ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣí kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lónírúurú, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá òwò tiwa mu. Àwọn tó ń tà á máa ń kọ́kọ́ fi ẹwà hàn yín: àwọ̀ tó ń dán, àwòrán tó ń yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán, kí ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀ owó.

Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, wọ́n gbà kí oníbàárà sanwó lẹ́yìn tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀, torí pé ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti sanwó ohun tí wọn ò tí ì fojú rí. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó ń rà. Ní ti ẹni tó ń tà, bí wọ́n bá gbé ọjà dé ẹnu ọ̀nà, tí oníbàárà ní òun ò rà mọ́, owó epo ti lọ nìyẹn. Lónìí, fífi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì ló gbayé kan, òun náà sì ti bí ìṣòro tiẹ̀, ìyẹn alert ayédèrú. Ẹni tó bá ń tajà n'Ìkẹjà kò nílò kí a ṣàlàyé púpọ̀: oníbàárà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn yín lórí fóònù rẹ̀, á gbé ọjà lọ, owó ò sì ní í dé láéláé.

Torí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé báwo ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣe ń mọ̀ pé owó ti wọlé? Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì yín lásán ni wọ́n kọ sójú ewé, tí wọ́n ní kí oníbàárà fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́, kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó dáa máa ń fún ọjà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀. Bí owó bá ti wọ ibẹ̀, ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ pé wọ́n ti sanwó, láìjẹ́ pé ọmọ ìsọ̀ wo fóònù ẹnikẹ́ni. Irú iṣẹ́ yìí ni Flutterwave ń ṣe, àti Paystack tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, kí iléeṣẹ́ Stripe tó rà á lọ́dún 2020. Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá ètò tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá irú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀.

Wọn ò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ o. Iye tí Paystack kéde fún owó abẹ́lé ni ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ₦100. Wọ́n máa ń yọ ₦100 yẹn kúrò bí ọjà kò bá tó ₦2,500, gbogbo rẹ̀ kì í sì í ju ₦2,000 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹni tó ta bàtà ₦8,000 yóò san ₦220. Ẹni tó ta fóònù ₦200,000 yóò san ₦2,000 péré. Ẹ rí i pé ó ní oníbàtà lára ju onífóònù lọ, nítorí náà ẹ fi í kún iye ọjà yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún béèrè irú owó tí wọ́n fẹ́ máa gbà gẹ́gẹ́ bí owó ilé. Shopify tí wọ́n ṣe ní Kánádà dára gan-an, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù. Lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì wa dá káàdì náírà dúró fún sísanwó sílẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 kọjá ₦750 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ́dún 2024 ó sì kọjá ₦1,500. Ẹni tí èrè rẹ̀ jẹ́ náírà, tí owó ilé rẹ̀ jẹ́ dọ́là, àfi kó ní àkáǹtì dọ́là tó lágbára.

Ní ti gbígbé ọjà lọ fún oníbàárà, iye kan ṣoṣo fún gbogbo Èkó kò lè yọrí sí rere. Agége sí Ìkẹjà kì í ṣe ẹgbẹ́ Agége sí Ajah. Kí ètò náà jẹ́ kí ẹ fi iye tó yàtọ̀ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Kó sì ní ààyè tí oníbàárà ti lè kọ àpèjúwe, torí pé nọ́ńbà ojúlé nìkan kò ran ọlọ́kadà lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wa. "Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé tó ní géètì dúdú" ló ń gbé e débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye ọjà tó kù: bí ẹ bá ta èyí tó kẹ́yìn nínú ìsọ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣeé yọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, látorí fóònù kékeré, láìdúró de iná ìjọba.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà wá kù. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè kó orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn àti ohun tí wọ́n ti rà jáde bí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ Katangowa náà ló tún dé yẹn, onílé ló yàtọ̀. Kí àdírẹ́sì tó parí sí .com.ng tàbí .ng sì wà lórúkọ yín, kì í ṣe lórúkọ ọmọkùnrin tó bá yín kọ́ ọ, torí pé bó bá rìnrìn àjò láìsan owó ọdọọdún rẹ̀, ilẹ̀kùn ìsọ̀ ti tì nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń jẹ́ kéèyàn dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ gbé ọjà kan tí kò ju ₦500 lọ síbẹ̀, kí ẹ gba fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ fi ra ọjà náà, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ ní ti gidi. Kí ẹ wá jókòó, kí ẹ ka iṣẹ́jú tí yóò gbà kí ètò náà tó kọ ọ́ pé wọ́n ti sanwó, àti ọjọ́ tí owó náà yóò wọ báńkì yín.