Kí Lẹ Fi Ń Jẹ Búrẹ́dì Níbí?

Àwọn tí iṣẹ́ ń gbé kiri ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí: ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán lọ sí ìpàdé ní ìlú tí kò dé rí, ẹni tó lọ wo ọjà tó fẹ́ rà, ẹni tó lọ bá oníbàárà tún ẹ̀rọ ṣe. Irú wọn kì í ráyè jókòó ti abọ́ iyán. Ìpápánu ni wọ́n ń wá, ohun tí wọ́n lè fọwọ́ mú kí wọ́n tó wọ ìpàdé mìíràn, ó sì sábà máa ń jẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n há nǹkan sí nínú. Àrìnjìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn náà sì ń rí i lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n bá délé, tí wọ́n fẹ́ ròyìn ohun tí wọ́n jẹ, ni èdè wọn máa ń wọ́.

“Mo gbìyànjú sáńwíìṣì ìlú wọn.” Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. A kì í gbìyànjú oúnjẹ. Ẹni tó ń gun òkè ló ń gbìyànjú, ẹni tó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ ló ń gbìyànjú. Oúnjẹ, títọ́wò là ń tọ́ ọ wò. A lè dán ẹ̀rọ tuntun wò, a lè dán ọkọ̀ tí a fẹ́ rà wò, ṣùgbọ́n ahọ́n kò kan ìyẹn. Bí ẹ bá ní “mo tọ́ ọ wò”, ẹni tó ń gbọ́ yín ti mọ̀ pé ẹnu yín ló ṣe ìdájọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kàn jẹ díẹ̀ kí ebi má baà pa yín dé ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ sọ pé ẹ fi panu.

Èyí tó tún ká mi lára jù ni “mo jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú àkàrà”. Ẹni tó ní òun jẹun pẹ̀lú Túndé ń sọ pé òun àti Túndé jọ jẹun ni. Àkàrà kò bá ẹnikẹ́ni jẹun. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò níbẹ̀ ni “fi”: mo fi àkàrà jẹ búrẹ́dì; ó fi ẹ̀fọ́ rírò jẹ iyán; wọ́n fi búrẹ́dì mu tíì. Bákan náà ni pé a kì í gé búrẹ́dì pẹ̀lú ọ̀bẹ, ọ̀bẹ la fi ń gé e. Ẹ wo bí “fi” àti “jẹ” ṣe pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ohun tó tẹ̀lé “jẹ” ni oúnjẹ gan-an, èyí tó ń yó ni. Ohun tó tẹ̀lé “fi” ni alábàárìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní òun fi iyán jẹ ẹ̀fọ́, àfi bó bá fẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ló pọ̀ jù nínú abọ́ òun.

Èyí wúlò fún arìnrìn-àjò ju bó ṣe rò lọ. Ẹni tó bá dé ìlú tuntun tó bèèrè pé “oúnjẹ wo ló dára níbí?” yóò gba ìdáhùn tí wọ́n ń fún gbogbo àlejò. Ẹ bi onílé pé “kí lẹ fi ń jẹ búrẹ́dì níbí?”, ìdáhùn tí ẹ máa gbà yóò jẹ́ ti ìlú yẹn nìkan. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Iléṣà tó láti fi mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bá dé Ìkirè, dòdò ni wọ́n ń gbé wá sí fèrèsé, dòdò tó dúdú, tó rọ̀, tó sì ń ta, tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ṣe. Bó bá kọjá Ilé-Ifẹ̀ tó dé Òṣú, àkàrà ló kàn. Àkàrà Òṣú ti lórúkọ débi pé awakọ̀ ń tìtorí rẹ̀ dúró, búrẹ́dì sì máa ń wà nítòsí. Àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú epo jáde, tó ń gbóná fẹlifẹli, bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín búrẹ́dì tó rọ̀, epo rẹ̀ á wọ inú búrẹ́dì náà. Ẹ ò nílò ọ̀rọ̀ sáńwíìṣì kankan láti ròyìn ìyẹn. “Mo tẹ àkàrà mọ́ búrẹ́dì jẹ l'Óṣùú” ti sọ gbogbo rẹ̀.

Búrẹ́dì alára, àjò ló bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ réluwéè ní Nàìjíríà ní 1913, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di òwò ńlá l'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí òwe àtijọ́ tó ní búrẹ́dì nínú. Àkàrà ló wà nínú àkànlò èdè wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ “fi” àti “jẹ” ti wá lárinrin jù lọ lójú mi ni Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò gbàgbé àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ lónìí, àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ń ṣe ni pé “àkàrà” àti “jẹ” ló so pọ̀ di orúkọ yẹn. Ẹ̀wà olójú dúdú ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á po àlùbọ́sà mọ́ ọn, wọ́n á sì fi epo pupa dín in. Dendê ni wọ́n ń pe epo náà. Baiana, obìnrin tó ń tà á, máa ń wọ aṣọ funfun, á wé orí, á fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, á sì gbé àga àti agbada dínńdín rẹ̀ kalẹ̀ ní ìta gbangba, ní àwọn àdúgbò bíi Rio Vermelho, Itapuã àti Pelourinho. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ka àkàrà sí oúnjẹ Ọya, bí àwọn olórìṣà wa ṣe kà á sí. Ní 2005, IPHAN, àjọ tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá ní Bràsíl, kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Wọn kì í há àkàrà sáàárín búrẹ́dì ní Salvador. Àkàrà gan-an ni wọ́n fi ṣe búrẹ́dì. Ó máa ń tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Baiana á fi ọ̀bẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní jẹ́ kó já sí méjì, á wá ki vatapá bọ inú rẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n rẹ, edé, wàrà àgbọn, ẹ̀pà àti epo pupa ni wọ́n sábà ń pò pọ̀ di vatapá, ó sì ki bí ẹ̀kọ gbígbóná. Á tún bu caruru sí i, èyí tó jẹ́ ilá, kó tó wá to edé gbígbẹ lé e lórí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Búrẹ́dì tí à ń há àkàrà sí nínú nílé ti di ara ohun tí wọ́n ń kì bọ inú àkàrà lọ́hùn-ún. Nílé, ẹ̀yìn “fi” ni àkàrà wà: a fi í jẹ búrẹ́dì, a fi í mu ògì. Ní Bahia ó ti bọ́ sẹ́yìn “jẹ”, ó ti di oúnjẹ gan-an, ọ̀rọ̀-ìṣe náà sì ti lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, oníṣòwò tó bá ti ibẹ̀ dé kò gbọdọ̀ sọ fún wa pé òun fi àkàrà jẹ nǹkan. Ó fi vatapá àti edé jẹ àkàrà ni.

Bí àṣírí bá hàn síta, a máa ń ní àkàrà ti tú sépo. Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ń la àkàrà ní Salvador yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó: àkàrà tó bá tú sépo kò ṣeé là, kò ṣeé kì, kò sì ṣeé tà.

Kí baiana tó gbé àkàrà lé yín lọ́wọ́, yóò bi yín pé quente tàbí frio. Gbígbóná tàbí tútù ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru iná ló ń bèèrè. Ata ló ń bèèrè. Ẹni tó bá dáhùn pé quente nítorí pé kò fẹ́ àkàrà tó ti tutù yóò gba ata tí kò bẹ̀bẹ̀ fún. Yorùbá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, kí a má sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa: iná ló ń mú nǹkan gbóná, ata ló ń ta ni. Ọbẹ̀ lè tutù nini kó ṣì máa ta wá lẹ́nu. Àmàlà lè gbóná janjan kó má ta rárá. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé “ọbẹ̀ yìí gbóná”, ata ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ẹ bá mi tún un ṣe fún wọn.

Gbígbóná kan náà ló wà nínú orúkọ họ́tì dọ́ọ̀gì, búrẹ́dì tí wọ́n há sọ́séèjì sí, ibẹ̀ sì ni àwọn kan ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí “ajá gbígbóná”. Ní ilẹ̀ tí a ti ń fi ajá bọ Ògún, tí àwọn ìlú kan sì ń jẹ ẹran ajá, ìtumọ̀ yẹn yóò ṣi ènìyàn lọ́nà pátápátá. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ họ́tì dọ́ọ̀gì, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀-ìṣe sọ bó ṣe rí, torí pé ti ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní Chicago, ẹran màlúù nìkan ni wọ́n ń fi ṣe sọ́séèjì rẹ̀. Àwọn aṣíkiri láti Austria-Hungary tó dá ilé-iṣẹ́ Vienna Beef sílẹ̀ ti ń tà á níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé níbẹ̀ ní 1893. Wọ́n á bọ sọ́séèjì náà, wọ́n á há a sáàárín búrẹ́dì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kóró dúdú wínníwínní lára, wọ́n á da mọ́sítáàdì sí i, wọ́n á wọ́n àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n á ki tòmátì sí ẹ̀gbẹ́ kan àti kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á to ata kéékèèké lé e, wọ́n á wá bu iyọ̀ tí wọ́n lọ̀ mọ́ èso celery sí i. Àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn wọ́ ọ gba inú ọgbà kọjá ni. Ẹ má bèèrè kẹ́ṣọ́ọ̀pù. Ní Detroit, ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ ni wọ́n ń dà lé e, àlùbọ́sà àti mọ́sítáàdì á sì tẹ̀lé e.

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ti Chicago yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: bọ̀, há, dà, rẹ́, wọ́n, kì, tò, bù. Ẹni tí òyìnbó ti wọ̀ lẹ́wù yóò fi “ṣàfikún” rọ́pò gbogbo wọn: wọ́n ṣàfikún àlùbọ́sà, wọ́n ṣàfikún iyọ̀. Mo ń gbọ́ ọ lórí rédíò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, ó sì ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ àti owó là ń ṣàfikún. Iyọ̀, bíbù là ń bù ú. Epo, dídà là ń dà á. Ilá, rírẹ́ là ń rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn ti gba ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ, kò ní lè rí bí ọwọ́ ìyá olóúnjẹ ṣe ń lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ búrẹ́dì wọ̀nyí lórúkọ, “oní” ń bẹ. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, kì í yí padà: búrẹ́dì onísọ́séèjì, búrẹ́dì oníwàrà. Bó bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí “i”, “n” á di “l”, fáwẹ̀lì á sì bá ti ọ̀rọ̀ náà mu: búrẹ́dì ẹlẹ́yin, búrẹ́dì aláta, búrẹ́dì ẹlẹ́ran. Ibi kan wà tí ó ti yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Alákàrà ni ẹni tó ń dín àkàrà tà, nítorí náà “búrẹ́dì alákàrà” lè jẹ́ búrẹ́dì tí ìyá yẹn fẹ́ jẹ ní tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ rú ẹni tó ń gbọ́ lójú, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀-ìṣe: búrẹ́dì tí a há àkàrà sí.

“Ẹlẹ́ran” náà kò tó fún gbogbo ènìyàn. Ní Washington, half-smoke ni sọ́séèjì ìlú wọn, òun sì ni ilé oúnjẹ Ben's Chili Bowl ń tà ní U Street láti 1958. Ẹran màlúù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ń lọ̀ pọ̀ fún un. Bí ẹ bá ń júwe rẹ̀ fún Alhaji tí iṣẹ́ ń gbé lọ síbẹ̀, ẹ má fi mọ sí búrẹ́dì ẹlẹ́ran. Ẹ ní búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.