ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Bí ìwé-ẹ̀rí rẹ kò bá bá ti fásítì ìlú òyìnbó mu

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìsọlọ̀, Mafolúkù àti Òkòtà ló gbà pé kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC ti tó wọ fásítì ìlú òyìnbó. Kò tó níbi gbogbo. Ní Nàìjíríà, ọdún 12 la fi ń kàwé dé òpin SS3. Ní England, ọdún 13 ni. Ọdún kan tó dín yẹn ló ń fa wàhálà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fásítì wọn fi máa ń ní kí ọmọ wa kọ́kọ́ ṣe ọdún ìpìlẹ̀, tàbí kó ṣe A-Level. Ẹni tó bá ti ka ọdún kan yege ní fásítì Nàìjíríà lè bọ́ lọ́wọ́ ọdún ìpìlẹ̀ yẹn ní àwọn fásítì kan. Èsì Gẹ̀ẹ́sì tó dára nínú WAEC sì máa ń yọ ọmọ nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS ní fásítì mélòó kan, owó kékeré sì kọ́ ni wọ́n ń san fún ìdánwò yẹn.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Oṣòdì tí kò parí girama ńkọ́? Ó lè ṣe GCE WAEC, èyí táwọn tí kò sí nílé-ìwé ń ṣe, tàbí NABTEB, tó wà fún iṣẹ́-ọwọ́. Ṣùgbọ́n kó tó sanwó fún aṣojú kankan, kó kọ̀wé fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ fásítì tó fẹ́ lọ bóyá wọ́n ń gba NABTEB. Ẹni tó bá sì ń dá kàwé lè dé ibi gíga. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá kàwé nílé, ó sì gba oyè BCom Fásítì London ní 1944, kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ òfin níbẹ̀.