Bí A Ṣe Lè Mú Irun Tó Ká Gbẹ Lásìkò Òjò Láìpa Á Lára

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ohun kan tí àwọn obìnrin ìlú Èkó àti àwọn ìlú mìíràn tó wà lẹ́bàá òkun máa ń ṣàròyé lé lórí ni pé irun tí wọ́n bá fọ̀ kì í tètè gbẹ. Ìyá á fọ irun ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀ á ṣú, ìdí irun náà á sì tutù síbẹ̀. Nítorí pé iléèwé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á dì í bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé omi máa ń há sínú irun tí a bá dì ní tútù, awọ orí ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Àlàyé wa lónìí dá lé bí a ṣe lè mú irun tó ká, irú èyí tí a bí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́, gbẹ dé ìdí.

Kí ló dé tí irun kì í tètè gbẹ?

Omi ara irun gbọ́dọ̀ di oru kí ó tó lè kúrò, afẹ́fẹ́ ló sì ń gba oru náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù tó lè gbà mọ́ra. Ìdí nìyí tí aṣọ tí a sá lásìkò òjò fi lè wà lórí okùn di ọjọ́ kejì, nígbà tí wákàtí díẹ̀ tó o lásìkò ọyẹ́. Ní Èkó, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárọ̀ lásìkò òjò.

Irun fúnra rẹ̀ náà a máa mu omi. Ó lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ mọ́ra. Bó bá ti mu ún, á wú, á nà, agbára rẹ̀ á sì dínkù, nítorí pé àwọn ìsopọ̀ kéékèèké inú rẹ̀ ti tú. Bó bá ti ń gbẹ, wọ́n á tún so padà. Ìrísí tí irun bá wà nígbà tó ń gbẹ ni yóò dúró sí. Nítorí náà, irun tó tutù kì í ṣe irun tí a ń fi ìyàrun fà kiri.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ibi tó gbóná, tó lọ́rinrin, tí atẹ́gùn kò sì dé, ni àwọn kòkòrò tí a kò lè fojú rí ti máa ń gbilẹ̀. Àìsàn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní white piedra, tó máa ń lẹ̀ mọ́ okùn irun bí kókó kéékèèké. Ó wọ́pọ̀ níbi tí ojú ọjọ́ bá ti móoru tó sì lọ́rinrin, dídi irun ní tútù sì wà lára ohun tó ń ràn án lọ́wọ́.

Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Kòríà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fọ irun, wọ́n sì mú un gbẹ nígbà 30. Wọ́n rí i pé bí dráyà ṣe ń sún mọ́ irun ni ojú irun ń bàjẹ́ sí i: ooru tó tó ìwọ̀n 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń kan irun bí dráyà bá wà ní sẹ̀ntímítà 5, ṣùgbọ́n ìwọ̀n 47 péré ni bó bá wà ní sẹ̀ntímítà 15. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé irun tí wọ́n fi sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀ náà bàjẹ́ nínú lọ́hùn-ún, nítorí pé ó pẹ́ nínú omi. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ooru àpọ̀jù kò dára, kí irun sì pẹ́ jù ní tútù náà kò dára.

Bí a ṣe ń lo dráyà àti dìfúsà

Dìfúsà ni ohun èlò tó dà bí àwo oníhò, tí a máa ń fi sí ẹnu dráyà. Ó máa ń fọ́n atẹ́gùn ká, kí ó má baà dojú kọ ibì kan ṣoṣo, kí ó má sì tú irun ká.

1. Ẹ fi aṣọ ìnura tàbí aṣọ òwú rírọ̀ tẹ omi kúrò lára irun. Ẹ má ṣe fi pa á.
2. Ẹ pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ẹ fi ọ̀rá díẹ̀ ra á, bí òrí tàbí àdí àgbọn. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara tí glycerin pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ó máa ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sínú irun, irun á sì wú.
3. Ẹ lo ooru díẹ̀ àti atẹ́gùn jẹ́jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Bó bá ta ọwọ́, yóò ta awọ orí.
4. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí irun tó sẹ̀ntímítà 15, ìyẹn ìdajì rúlà ọmọ iléèwé, kí ẹ sì máa gbé e kiri. Ìdí irun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
5. Ẹ fi atẹ́gùn tútù parí rẹ̀. Ẹ fi ìka kan awọ orí káàkiri. Bí ibì kan bá ṣì tutù, kò tíì yá láti dì.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tútù di dráyà mú, ẹ má sì lò ó nítòsí omi.

Bí kò bá sí iná ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ dráyà ló ń jẹ iná tó ju 1000 wáàtì lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sì í lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí a rántí irun kíkó tí àwọn ìyá wa ń fi òwú ṣe. Bí a bá fi òwú kó irun ní ọ̀wọ́ ńláńlá láìfún un mọ́ra, yóò nà, atẹ́gùn yóò sì ráyè dé awọ orí láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì. Ẹ fọ irun láàárọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́. Ti àwọn ọmọ iléèwé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dára jù láti fọ̀ ọ́.

Bí orí bá ń yún ọmọ láìdáwọ́ dúró, tí irun ń já lójú kan, tàbí tí egbò yọ, ẹ má ṣe fi ìdì bò ó. Ó lè jẹ́ làpálàpá, èyí tó máa ń ràn láti orí kan sí èkejì nípasẹ̀ ìyàrun. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìlera loògùn ọrọ̀.