“Tell” lẹ́nu Yorùbá tó ń gbé Darkuman ní Accra

Twi, Ga, Hausa àti Yorùbá là ń gbọ́ ládùúgbò, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti báńkì, Gẹ̀ẹ́sì ni. “Tell” sì wà lára ohun tó ń kọ́ wa lẹ́sẹ̀.

ṢE: Dárúkọ ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kété lẹ́yìn rẹ̀: “Tell me”, “Tell your brother”. Yorùbá ní “sọ fún mi”, Twi ní “ka kyerɛ me”: ọ̀rọ̀-ìṣe méjì-méjì. Ìdí nìyẹn tí ahọ́n wa fi ń wá “to” kiri. Má wá a mọ́. “Tell” ti gbé “fún” mì.

MÁ ṢE wí pé “She told that she is coming”. Ta ló sọ fún? Bí o kò bá fẹ́ dárúkọ onítọ̀hún, “said” ni kí o lò.

ṢE: Wo ohun tí Yorùbá ń “pa” lẹ́nu. Irọ́, ìtàn, àlọ́: “tell” ló bá gbogbo wọn lọ. Àmọ́ kò bá òwe lọ. Àdúrà ńkọ́? “Say” ni.

MÁ ṢE béèrè “teller” ní báńkì Accra nígbà tí o bá fẹ́ sanwó sínú àkáǹtì. Ìwé pélébé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Ghana, ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ni. “Pay-in slip” ni kí o béèrè. Ti Ghana ló sì tọ̀nà jù: láyé àtijọ́, kí a ka nǹkan ni “tell” túmọ̀ sí, akówókà báńkì ló sì jogún orúkọ náà.

MÁ ṢE bínú bí wọ́n bá ní “The work is telling on you”. Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ rẹ sùn. Iṣẹ́ ló ń hàn lára rẹ. Àmọ́ bí olùkọ́ bá “tell off” ọmọ rẹ, ó bá a wí nìyẹn o.

MÁ ṢE ju “I told you” lu àgbàlagbà. Àfojúdi ni lọ́dọ̀ tiwa, àfojúdi náà ni lọ́dọ̀ wọn. “Please” ló ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ ní Ghana, ọmọdé pàápàá á dáhùn pé “Please, yes.”

ṢE: Gé e kúrú nínú trotro, ọkọ̀ èrò Ghana. “Please tell the driver to stop” kò ní àbùkù kankan, ṣùgbọ́n kí o tó parí rẹ̀, ọkọ̀ á ti kọjá Darkuman Junction. “Mate, bus stop!” ti tó; kọ́ńdọ́ ni “mate”.