Ọmọ Ńlá àti Abẹ́rẹ́ Gìgísẹ̀

Ìbéèrè: Olóòtú, ọmọ tí ìyàwó mi bí wọ̀n kílò 4.6. Gbogbo ilé ń jó, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ń gún un ní gìgísẹ̀ láti yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Èéṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Òmíràn jogún títóbi lára òbí ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ: bí ìyá bá ní ìtọ̀ ṣúgà nínú oyún, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa gba inú olóbì kọjá sí ọmọ, ọmọ a sì máa ṣe ìnsúlínì, èròjà tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lọ́pọ̀lọpọ̀, a sì sanra. Nígbà tí a bá wá gé ìwọ́ rẹ̀, tí ṣúgà ìyá dá, tí ìnsúlínì kò tí ì dá, ṣúgà ọmọ lè já wálẹ̀ lójijì; ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ó máa mu ọmú léraléra. Kí ìyá náà lọ yẹ ṣúgà tirẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ.