Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́: Fítámì D, Oòrùn àti Egungun Ọmọ Wa

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ ìwé ìṣirò owó, ṣùgbọ́n ìpàdé ẹ̀yáwó ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní Ìlobù, ìyá àgbà kan tí ó ń ta gààrí dìde, ó ní òun fẹ́ yá owó láti fi ra oògùn fítámì D fún ọmọ-ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun. Ọmọ náà ti lo ìgò mẹ́ta, ẹsẹ̀ kò nà. Kí akọ̀wé tó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn ti dábàá pé kí ẹgbẹ́ kúkú fi owó ọjà ra odindi páálí oògùn náà, kí a máa tà á fún ara wa. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró di ìpàdé tí ń bọ̀. A kì í ṣe dókítà. Nítorí náà a lọ bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, a sì kàwé.

Kálíṣíọ̀mù ni ó ń mú egungun le. Fítámì D ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti kúrò nínú oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: fítámì D ni akápò, kálíṣíọ̀mù ni owó. Bí kò bá sí akápò, owó ìpàdé kò ní dé báǹkì. Ṣùgbọ́n bí akápò bá jókòó tí ẹnikẹ́ni kò dá owó, kí ni yóò kó lọ?

Awọ ara wa ni ó ń ṣe fítámì D nígbà tí oòrùn bá pa á. Oòrùn kùtùkùtù tí àwọn ìyá wa fẹ́ràn láti gbé ọmọ sí kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára iṣẹ́ yìí. Ìgbà tí òjìji ènìyàn bá kúrú ju òun fúnra rẹ̀ lọ ni iṣẹ́ náà ń yá. Oòrùn tí ó gba inú dígí fèrèsé wọlé kò wúlò fún un. Awọ dúdú a sì máa pẹ́ ju awọ funfun lọ kí ó tó ṣe é tó. Síbẹ̀, oòrùn kò wọ́n ní Ìlobù àti Ìfọ́n. Ẹni tí ó ń lọ sí oko kò níṣòro púpọ̀. Àwọn tí ó yẹ kí ó fura ni arúgbó tí kì í jáde, ẹni tí ó jókòó sínú ìsọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹni tí aṣọ bo gbogbo ara rẹ̀, àti ọmọ ọwọ́ tí ọmú nìkan ni ó ń mu. Kí àfín má ṣe yá oòrùn rárá. Oúnjẹ àti oògùn ni tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìta ni ọmọ-ọmọ ìyá yìí ti ń ṣeré títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kí ni ó wá tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀?

Àwọn dókítà Ilé-Ifẹ̀ ti bá irú rẹ̀ pàdé. Oginni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àrùn egungun rírọ̀ àwọn ọmọdé ní 1996, wọ́n sì tún kọ ọ́ ní 1999 pé egungun irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń san nígbà tí wọ́n bá fún wọn ní kálíṣíọ̀mù. Ní 1999 kan náà ni ìwádìí Thacher àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Jos jáde. Ọmọ 123 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba abẹ́rẹ́ fítámì D, àwọn kan ń lo kálíṣíọ̀mù lójoojúmọ́, àwọn yòókù gba méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ìdá 19 péré nínú 100 àwọn tí ó gba fítámì D nìkan ni egungun wọn san dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Ti àwọn tí ó lo kálíṣíọ̀mù nìkan jẹ́ 61, ti àwọn tí ó gba méjèèjì jẹ́ 58. Kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọmọ náà jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 200, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò nǹkan bí 700. Akápò wà, owó ni kò sí.

A bi ìyá náà léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ. Ògì láàárọ̀, gààrí lọ́sàn-án, àmàlà lálẹ́. Ẹja fún bàbá, omi ọbẹ̀ fún ọmọ. Bí a ti ń ṣe é ní ilé púpọ̀ nìyẹn, ilé tiwa náà kò yàtọ̀ nígbà tí a wà ní kékeré. Egungun ẹja tí a ń jù fún ológbò gan-an ni kálíṣíọ̀mù wà. Ẹ gbẹ ẹja ṣáwá yíyan dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́ tegungun-tegungun kí ó kúnná, kí ẹ dà á sínú ògì àti ọbẹ̀ ọmọ. Ní 2015, ìwádìí mìíràn láti Jos fi hàn pé ẹja lílọ̀ wo àrùn yìí sàn bí òkúta ẹfun lílọ̀ ti wò ó. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí họ ẹfun ọjà fún ọmọ o! Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ.) Wàrà àwọn Fúlàní, ede àti yànmọ̀tí náà dára. Ní ti fítámì D, ẹja ọlọ́ràá bíi Títọ́ọ̀sì àti sàdín ni ó ní in jù. Pupa ẹyin kan kò ju nǹkan bí yúníìtì 40 lọ.

Oògùn ní àyè tirẹ̀. Yúníìtì 400 lójúmọ́ ni wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ tí ó ń mu ọmú. Ní Ìlú Ọba, láti 2016, iye kan náà ni wọ́n ní kí àwọn àgbà lò nígbà òtútù, kí aláwọ̀ dúdú sì máa lò ó yípo ọdún, nítorí oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti October di ìbẹ̀rẹ̀ March. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá pè yín. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà má kọjá 4,000 lójúmọ́, ọmọ ọdún kan sí mẹ́wàá 2,000, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan 1,000, àfi bí dókítà bá ní bẹ́ẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ ń fa èébì àti òùngbẹ, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ ka ara ìgò dáadáa: ti òmíràn, ẹ̀kán kan ṣoṣo ni yúníìtì 400.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ ni àìsàn yìí. Ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì a máa tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó nà fúnra rẹ̀; òmíràn sì wà tí kíndìnrín ni ó fà á.

Ní ìpàdé kejì, ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ìyá náà, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ dé Òṣogbo, owó dókítà àti owó àwòrán egungun ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n fagi lé páálí oògùn. Owó ọjà ni wọ́n fi ra àpò ẹja ṣáwá méjì, a sì ti rí i nínú ìwé ọjà bí ó ti yẹ. Dókítà ní kí ọmọ máa lo kálíṣíọ̀mù, kí ó padà wá ya àwòrán mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ náà kò tí ì pé nígbà tí a ń kọ èyí.